Gàárì Méjì àti Ẹ̀yìn Dúdúyẹmí

Oorun tí mo sùn lánàá kò lọ lásán. Àlá kan wà nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, kí n má fi kún un, kí n má sì yọ níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó dúró dìgbà tí mo bá sọ̀rọ̀ tán.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tó wà lọ́kàn mi kí n tó fi orí lélẹ̀. Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ ni ìdílé wa yóò gun ẹṣin lọ kí ọba lójúde rẹ̀, bí a ti máa ń ṣe lọ́dọọdún lẹ́yìn Iléyá. Èmi ni mo ń tọ́jú ẹṣin ìdílé. Dúdúyẹmí lorúkọ rẹ̀, ó dú bí èédú, kò sì níjà. Ní èṣí, gàárì àtijọ́ tí a jogún bó o lẹ́yìn, egbò náà sì jẹ títí ó fi kù díẹ̀ kó kan egungun. Dókítà ẹran sọ fún mi pé bí ibẹ̀ bá tún bó lẹ́ẹ̀kan sí i, kò sẹ́ni tí yóò lè gùn ún mọ́ láyé. Ẹṣin tí kò ṣe é gùn mọ́, ẹ mọ ibi tí wọ́n ń fà á lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi Sálíù, tó ń gbé ní Tẹ́ksáàsì, gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ó fi gàárì méjì ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, irú èyí tí àwọn tó ń da màlúù lọ́hùn-ún máa ń jókòó lé. Ó ní ká yan ọ̀kan, òun fúnra òun ń bọ̀ wá gùn ún. Gàárì kan dán bíi dígí: fàdákà yí etí rẹ̀ ká, wọ́n sì gbẹ́ òdòdó sára awọ rẹ̀. Èkejì jẹ́ awọ lásán, àwọ̀ rẹ̀ bí obì tó ti gbẹ. Gbogbo ẹbí jókòó yí wọn ká ní pálọ̀, wọ́n ń jiyàn lórí èyí tó bá agbádá Ẹ̀gbọ́n mu. Wọ́n pe Ẹ̀gbọ́n sórí fóònù, wọ́n ní kó yíjú sẹ́yìn kí wọ́n lè wo bí ìdí rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Ó yíjú sẹ́yìn, wọ́n sì wò ó dáadáa. Kò sẹ́nì kankan tó dìde lọ wo ẹ̀yìn ẹṣin. Èmi náà kò dìde.

Níkẹyìn Ẹ̀gbọ́n ní, “Èyí tó dán yẹn ló wù mí. Ṣùgbọ́n Bùráímọ̀ ló ń tọ́jú ẹṣin. Bùráímọ̀, sọ tìrẹ láàárọ̀ ọ̀la.” Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbé ọ̀rọ̀ náà wọlé sùn.

Pálọ̀ yẹn kan náà ni àlá náà ti bẹ̀rẹ̀. Gàárì tó dán jókòó sórí kúṣìnnì, ó gbé irin tí à ń ki ẹsẹ̀ bọ̀ lára rẹ̀ kan lé orí èkejì bí ẹni tó gbé ẹsẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ó wúkọ́.

“Ẹ fún mi lómi,” ó wí. “Láti Amẹ́ríkà títí dé ibí, kò sẹ́ni tó fi omi lọ̀ mí.”

Mo bu omi fún un nínú ife, ó mu ún tán, kò dà sílẹ̀ rárá. Inú mi dùn sí i. Mi ò fẹ́ràn àlejò tó máa ń fi omi ṣòfò.

“Ṣé ẹ̀yin ni bàbá ọkọ?” ó bi mí.

“Èmi ni mo ń tọ́jú ọkọ.”

“Ó dáa. Àwọn tó bí mi kì í fọmọ fọ́kọ láìwádìí. Ǹjẹ́ wárápá wà nínú ìdílé yín?”

“Kò sí.”

“Wèrè ńkọ́?”

“Ẹnì kan ṣe é díẹ̀,” mo wí, “ṣùgbọ́n ìṣèlú ló fà á, kì í ṣe ti ìran.”

“Ṣé ọkọ náà kì í na ìyàwó?”

“Ẹṣin ni. Kì í na ẹnikẹ́ni. Bí inú bá bí i gan-an, ó lè ta ìpá.”

Ó mi orí, ọ̀rọ̀ náà tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ojú mi wá bọ́ sí ohun kan tó yọ gọngọ níwájú rẹ̀, mi ò sì lè pa á mọ́ra.

“Ẹ má bínú,” mo wí, “ìwo kan ṣoṣo lẹ ní. Níbo ni èkejì wà?”

“Ọ̀kan ni wọ́n dá mi mọ́. Okùn ni wọ́n ń so mọ́ ọn bí wọ́n bá ti mú màlúù.”

“Màlúù ọ̀hún dà?”

Gàárì wo ọ̀tún, ó wo òsì, ojú tì í. “Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ àwọn tí kò sí nílé sílẹ̀,” ó wí.

Gàárì kejì wà lábẹ́ tábìlì, ó ń hanrun wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mo ní, “Èyí ńkọ́, ṣé a ò ní bá a sọ̀rọ̀?” Èyí tó dán ní, “Ẹ fi ọ̀lẹ yẹn sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìwọ̀n ló yẹ ká lọ, kí wọ́n wọ̀n wá, kí wọ́n so wá pọ̀.” Mo fi ọwọ́ kan gbé e, mo fi èkejì gbé ọ̀lẹ náà. A kì í fi ohun tí wọ́n fún wa sílẹ̀.

Ìyàwó mi, Ìyá Múfú, jáde láti inú yàrá. Ó ti pọn Dúdúyẹmí sẹ́yìn bí ọmọ ọwọ́, ó fi ọ̀já gbà á, ìrù ẹṣin náà ń gbálẹ̀ kiri. Orí rẹ̀ wà lórí èjìká ìyàwó mi, ó ń wo ibi tí à ń lọ.

“Ìyá Múfú, ṣé kò wúwo?” mo bi í.

“Kò wúwo,” ó wí. “Ọmọ tó bá ti jókòó dáadáa lẹ́yìn ìyá rẹ̀ kì í wúwo. Ìgbà tó bá yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan ló ń dáni lóró. Ṣé ẹ̀yin ọkùnrin lè mọ̀?”

Mo gbà pé a ò lè mọ̀, a sì lọ.

Ilé iṣẹ́ ìwọ̀n kò sí lórí ilẹ̀. Ó léfòó lójú sánmà bí ewé lórí odò, okùn kan ni wọ́n fi so ó mọ́ igi àgbálùmọ̀. Wọ́n ní ìjọba kò tíì rí ilẹ̀ fún un. Bí atẹ́gùn bá fẹ́, á lọ sí àdúgbò kejì, àwọn tó wá síbẹ̀ á sì máa sáré tẹ̀ lé e. Nígbà tó sún mọ́lẹ̀, a fò wọ̀ ọ́. Ìyá Múfú ló kọ́kọ́ fò, pẹ̀lú ẹṣin lẹ́yìn.

Ọ̀gá ibẹ̀ sanra, ó gbé téèpù kọ́rùn bíi télọ̀. Kò béèrè ohun tí a bá wá. Ó wọn ìbàdí mi. Ó wọn orí Ìyá Múfú pẹ̀lú gèlè. Ó gba fóònù mi, ó fi téèpù lé àwòrán Ẹ̀gbọ́n Sálíù, ó mí kanlẹ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n yín fẹ̀ ju fóònù yìí lọ.” Ó na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, ó wọn igi àgbálùmọ̀.

Mo dúró títí sùúrù mi fi tán. “Ẹ jọ̀wọ́, sà,” mo wí, “ẹ ò tíì wọn ẹṣin.”

“Ẹṣin kẹ̀?” Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọdé. “Ṣé ẹṣin ló máa jókòó ni?”

“Rárá, sà.”

“Ta ló máa jókòó?”

“Ẹ̀gbọ́n mi ni.”

“Ṣó o rí i? Ẹni tó bá máa jókòó là ń wọn àga fún. Àṣà wa nìyẹn. Àgbà ló ń jókòó, àgbà là ń wọ̀n.”

“Òótọ́ ni, sà. Ṣùgbọ́n ara ta ni àga náà máa dúró lé?”

Ó la ẹnu láti dá mi lóhùn, kò sì rí ohun kan sọ. Ó pa ẹnu dé, ó tún là á. Irùngbọ̀n hù jáde lágbọ̀n rẹ̀, ìwo méjì yọ lórí rẹ̀, ó ní, “Mẹ̀ẹ́ẹ̀,” ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ téèpù. Ewúrẹ́ tó mọ́ tónítóní ni. Gàárì tó dán tẹjú mọ́ ìwo méjèèjì, mo rí i pé ó ń jowú.

Akọ̀wé tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò tilẹ̀ gbójú sókè. “Ẹ má bínú,” ó wí. “Ẹni tí wọ́n bá bi ní ìbéèrè níbí, tí kò sì fẹ́ dáhùn, bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé.”

Mo fẹ́ mọ̀ sí i. “Ṣé wọ́n máa ń padà di ènìyàn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Bí wọ́n bá ti fẹ̀yìn tì.”

Ọ̀rọ̀ yẹn bọ́gbọ́n mu lójú mi. Bí mo ṣe ń rò ó lọ́wọ́, ilẹ̀ ilé iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í mí. Ó ń wú, ó ń sọ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mo wolẹ̀. Sìmẹ́ńtì kò sí mọ́. Irun dúdú ló wà níbẹ̀, ó ń dán, ó gbóná lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀. Orí ẹ̀yìn Dúdúyẹmí la dúró sí, ẹ̀yìn náà sì ti fẹ̀ bí oko. Ìyá Múfú tó pọ̀n ọ́n ti di ẹni tí ó pọ̀n. Níwájú wa, òkè méjì dìde ní ọ̀tún àti ní òsì: èjìká rẹ̀ ni. Láàárín wọn ni egungun ẹ̀yìn ti bẹ̀rẹ̀, ó gùn lọ bí ebè iṣu tí ẹnì kan kọ láti ilé dé òkè odò.

Gàárì méjèèjì ti tóbi bí ilé. Àwọn méjèèjì dúró lẹ́yìn òkè méjì yẹn, ọ̀kan kò sì dí èkejì lọ́wọ́. Àlá ni, àyè kì í há nínú rẹ̀. Abẹ́ gàárì kọ̀ọ̀kan ṣófo bí abẹ́ afárá, egungun ẹ̀yìn ló sì gba ibẹ̀ kọjá. Ara mi kò gbà á. Mo fẹ́ mọ bí abẹ́ ibẹ̀ ṣe rí.

Èyí tó dán ni mo kọ́kọ́ wọ̀. Nígbà tí mo gbésẹ̀ díẹ̀, mo tẹ orí ba. Nígbà tó yá mo ń rá. Òrùlé rẹ̀ ti sún mọ́ egungun tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ kò lè gba àárín wọn kọjá. Òkùnkùn ṣú síbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fàdákà ń kọ mọ̀nà lókè. Ògiri rẹ̀ méjèèjì fún mọ́ra bí ẹ̀yìnkùlé àwọn tó ń bára wọn jà lórí ilẹ̀. Bí Dúdúyẹmí bá ti gbésẹ̀, òkè èjìká á dìde, á sì kọlu ògiri: gbì! Ẹnì kan wà nínú ilé náà lókè tó ń pariwo.

“Ta ló ń ti ògiri wa?”

“Èjìká ni,” mo dáhùn láti ìsàlẹ̀.

“Ẹ sọ fún un kó dúró jẹ́ẹ́!”

“Ẹṣin tó bá dúró jẹ́ẹ́, ojúde ọba wo ló máa dé?”

Mo gbọ́ “mẹ̀ẹ́ẹ̀” láti òkè, mo sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹni náà.

Mo jáde, mo wọ abẹ́ èkejì. Ibẹ̀ ni mo ti nàró. Atẹ́gùn ń gba ibẹ̀ kọjá, mo sì ń rí ìmọ́lẹ̀ ní òdìkejì, bí ìgbà téèyàn dúró ní ẹnu ọ̀nà iwájú tó ń wo ẹ̀yìnkùlé. Ògiri rẹ̀ kò dúró ṣánṣán; wọ́n rọra fẹ̀yìn tẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ egungun méjèèjì, bí ọwọ́ tí à ń gbé lé èjìká ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Òkè èjìká dìde, ó sọ̀, kò kan nǹkan kan. Gàárì náà ṣì ń hanrun.

Mo kan ògiri rẹ̀ kó-kó-kó. “Kí ló dé tó o fi ń sùn láti àárọ̀?”

Ó la ojú kan. “Kò sí ohun tó ń gún mi, kò sí ẹni tí mò ń gún. Kí ni mo fẹ́ wá jí ṣe?” Ó tún pa á dé.

Òjò wá bẹ̀rẹ̀. Láti ilẹ̀ ló ti ń rọ̀ lọ sókè, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, iyọ̀ sì wà nínú rẹ̀. Gbogbo ẹ̀yìn náà rin gbingbin. Mo padà sí abẹ́ gàárì tó dán, mo bá ibì kan níbẹ̀ tí omi kò dé. Ó gbẹ táútáú bí ìgbà ọyẹ́. Ọ̀gá tó di ewúrẹ́ ti dúró síbẹ̀, ó ń fi eruku wúkọ́. Mo fi ẹsẹ̀ kan tẹ ibẹ̀. Gbogbo ilẹ̀ gbọ̀n.

“Ibẹ̀ yẹn ni, bàbá,” ohùn kan wí láti iwájú lọ́nà jíjìn.

“Kí ló wà níbẹ̀, Dúdúyẹmí?”

“Ibẹ̀ ló ń dùn mí. Ibi tí nǹkan bá ti tẹ ara mọ́lẹ̀ jù, òógùn kì í ráyè jáde níbẹ̀.”

“Láti ìgbà wo ni mo ti ń fún ọ lóúnjẹ, tí mò ń fọ ẹsẹ̀ rẹ! Kí ló dé tí o kò sọ?”

“Ẹ bi Ẹ̀gbọ́n nípa ìdí rẹ̀,” ó wí, kò bínú. “Ẹ bi agbádá. Ẹ bi igi àgbálùmọ̀. Èmi, ta ló bi mí?”

Kí n tó rí èsì fún un, òjò dá, ẹ̀yìn náà sì di ojúde ọba. Èrò kún bámúbámú. Ẹ̀gbọ́n Sálíù jókòó sókè réré lórí gàárì tó dán, agbádá rẹ̀ bò wá, ó bo ẹṣin, ó bo òpópónà títí dé ìta ìlú, àwọn ènìyàn sì ń gbé etí rẹ̀ tẹ̀ lé e.

“Bùráímọ̀!” ó pè. “Èwo lo yàn? Kábíyèsí ń dúró.”

Ẹ gbọ́, Ẹ̀gbọ́n Sálíù ló rán mi níwèé. Òun ló ra bàtà tí mo kọ́kọ́ wọ̀ fún mi. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, mi ò tíì sọ “rárá” sí i lójú. Mo rọ̀jọ̀ ẹ̀rín sí i, mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, tí a bá wò ó, àwọn méjèèjì náà ló dára…”

Nǹkan kan rìn mí lágbọ̀n. Mo fọwọ́ kàn án. Irùngbọ̀n ni.

“Bàbá Múfú,” ìyàwó mi sọ sí mi létí, “ẹ ṣọ́ra o. Nǹkan kan ti ń ti ṣòkòtò yín lẹ́yìn, ó sì ń jù bí ìrù.”

Ọ̀gá tó di ewúrẹ́ rí mi. Ó sún díẹ̀, ó fún mi láyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni pẹ̀lẹ́ ni, kí n má parọ́ mọ́ ọn. Ó tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn láti mọ bí koríko ṣe ń rí lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi tún gbọ̀n, ó rọra gbọ̀n, bí awọ ẹṣin ṣe ń ṣe nígbà tí eṣinṣin bá bà lé egbò. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di irùngbọ̀n náà mú.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” mo wí, “ẹ sọ̀ kalẹ̀.”

Àwọn tó ń gbé etí agbádá jù ú sílẹ̀.

“Kí lo wí?”

“Ìdọ̀bálẹ̀ ni mo fi wí i, sà. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wo abẹ́ ohun tí ẹ jókòó lé.”

Àwọn obìnrin kan fọwọ́ bo ẹnu. Ẹ̀gbọ́n rọra yọ ẹsẹ̀ kan nínú irin, ó gbé e yí ẹ̀yìn ẹṣin ká, ó ń sọ ọ́ kalẹ̀. Kí ẹsẹ̀ náà tó kan ilẹ̀, ẹnì kan gbá mi léjìká.

“Bàbá Múfú! Ilẹ̀ ti mọ́. Àbí ẹ ò ní kírun ni?”

Ìyá Múfú ló dúró tì mí. Wọ́n ti mú iná lọ, fáànù ti dúró, síńgílẹ́ẹ̀tì mi sì rin gbingbin bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde nínú omi ọṣẹ. Mo dìde jókòó.

“Ẹ dúró ná,” ó wí. “Kí ni mo rí lẹ́yìn yín yìí? Gbogbo rẹ̀ ló tutù, àfi ibí.” Ó fi ìka tẹ abẹ́ èjìká mi òsì. Mo ké. Ó tú aṣọ ibùsùn wò, ó fa rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n jáde. “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sùn lé rìmóòtù mọ́jú! Ara yín ò sọ fún yín?”

Àlá kì í ṣe ẹ̀rí. Nígbà tí mo kírun tán, mo gbé gàárì méjèèjì lọ bá Dúdúyẹmí. Mo gbé wọn lé e lẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan láìtẹ́ aṣọ sábẹ́, mo fi wọ́n síwájú díẹ̀, mo rọra fà wọ́n sẹ́yìn títí wọ́n fi rí ibi jókòó sí, mo sì ki ọwọ́ bọ abẹ́ wọn. Lábẹ́ èyí tó dán, ọwọ́ mi há síbi èjìká, ẹṣin náà sì pa etí méjèèjì dé. Lábẹ́ èkejì, ọwọ́ mi lọ, ó bọ̀. Dúdúyẹmí bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ koríko rẹ̀ lọ.

Mo pe Ẹ̀gbọ́n níbẹ̀, síńgílẹ́ẹ̀tì ọ̀hún ṣì wà lọ́rùn mi.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú àárọ̀. Èyí tí kò dán ni, sà.”

“Gbogbo ẹbí ló ní èyí tó dán ló yẹ mí.”

“Ó yẹ yín, sà. Ẹ jẹ́ ká gbé e sí pálọ̀ kí àlejò máa wò ó. Bí ẹ bá gùn ún dé ojúde ọba, ẹṣin yìí kò ní padà wálé pẹ̀lú ẹ̀yìn.”

“Ta ló sọ fún ọ pé ó ń dùn ún?”

Mo na ọwọ́ sẹ́yìn, mo fi kan ibi tó gbẹ lára síńgílẹ́ẹ̀tì mi. Àmì rìmóòtù náà ṣì wà níbẹ̀, ó gùn gbọọrọ.

“Ẹni tó gbé e sẹ́yìn ni, sà,” mo wí.